Agbẹ́hò-Má-Fẹ̀

Dókítà eegun kan wà ní ọsibítù wa, bó bá ń bọ̀, ìgbéraga rẹ̀ á ti wọlé jókòó kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. Èmi tí mò ń ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn lọ síbi iṣẹ́ abẹ, mo ti rí dókítà ó pọ̀, n ò rí irú èyí rí. Òun ló sọ ara rẹ̀ ní Agbẹ́hò-Má-Fẹ̀. Ẹni tó bá pè é bẹ́ẹ̀, ó di ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ gbọ́ ìdí ẹ̀. Bí iṣan inú orúnkún bá já, wọ́n á lu ihò sínú eegun, wọ́n á fi iṣan mìíràn gba ibẹ̀, wọ́n á dè é mọ́lẹ̀. Tó bá pẹ́ díẹ̀, ihò yẹn lè máa fẹ̀. Ó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dáa jù, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Wọ́n á kàn máa wọ̀n ọ́n ni, torí bó bá fẹ̀ jù, orúnkún á máa yẹ̀.

“Tàwọn yòókù ló ń fẹ̀,” ọ̀gá wa á wí. “Ihò tí mo bá lu, ó ń bẹ̀rù mi.”

Olùkọ́ eré ìdárayá kan wà tí ọ̀gá wa ṣiṣẹ́ abẹ orúnkún fún. Ẹ̀ẹ̀mẹta lobìnrin náà padà wá láàárín ọdún kan.

“Dókítà, ẹsẹ̀ mi ń yẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Iléèwé ní bí n ò bá lè sáré lóṣù tó ń bọ̀, àwọn á gba ẹlòmíì.”

“Ìbẹ̀rù lásán ni, màdáámú. Orúnkún yín le ju tèmi lọ.”

Ó ní kí wọ́n ya fótò eegun rẹ̀, kò sì fi hàn án. Obìnrin náà lọ sílé, ó ń bá ara rẹ̀ jà.

Ọjọ́ tí àwọn dókítà ìlú mìíràn fẹ́ fún ọ̀gá wa ní ife ẹ̀yẹ pé. Ó mú obìnrin náà jókòó síwájú bí ọjà tí wọ́n pàtẹ, ó fi ẹ̀rọ ju fótò orúnkún rẹ̀ méjì sára ògiri.

“Èyí, ọjọ́ kejì iṣẹ́ abẹ. Èyí, ọdún kan lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n, ihò ò fi bíńtín fẹ̀.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú ojú egbò nawọ́ sókè.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn irin wẹ́wẹ́ tá a fi di awọ pọ̀ ṣì wà nínú fótò ọdún kan yẹn. Ọwọ́ ara mi ni mo fi yọ wọ́n lọ́jọ́ kẹrìnlá.”

Ọ̀gá wa wo ògiri. Fótò ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta ló gbé síra wọn. “Ó ṣeé ṣe kí wọ́n... kí wọ́n tún wọlé padà.”

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, ni gbogbo gbọ̀ngàn bá gbà á. Ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Tiwa ò tilẹ̀ kúnlẹ̀, ó ń di ẹ̀bi ru ẹ̀rọ. Alága àwọn dókítà àlejò náà ní kí wọ́n ṣí fótò tó jẹ́ ti ọdún kan gan-an. Ihò náà ti fẹ̀ tó ìlọ́po méjì. Alága gbé ife padà sínú páálí.

Olùkọ́ náà dìde, ó di àga mú. Inú ń bí i.

“Ọdún kan ni mo fi ń pe ara mi ní ojo.”

“Màá tún un ṣe fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, màdáámú.”

“Ẹ má fọwọ́ kàn mí mọ́, sà. Ẹ kọ ìwé fún iléèwé mi pé kì í ṣe ìbẹ̀rù.”

Alága na bírò sí i. Níwájú gbogbo àwọn tó wá pàtẹ́wọ́ fún un, ọ̀gá wa tẹrí ba, ó kọ ọ́. Obìnrin náà gbà á, ó kà á sókè fún gbogbo wa: “Ihò tí mo lu ló fẹ̀.” Ló bá dá a padà sọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ ò tíì buwọ́ lù ú, sà.”