Yímíyímí tí Àwọn Ẹgbẹ́ Ìyádùnní Jẹ

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé, bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru? Ẹ má wo ojú ara yín, ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ jókòó dáadáa.

Ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Ìyádùnní, ní ilé-ìwé àwọn obìnrin tí wọ́n ń sùn sínú ọgbà. Ìlọrin ni ìyá rẹ̀ ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, àárò ìyá yìí sì ń sọ ọmọ náà gan-an. Tó bá gbóòórùn ọṣẹ ìyá rẹ̀ lára aṣọ ẹlòmíràn, oúnjẹ kò ní lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Ilé-ìwé kan wà lẹ́bàá ilé ìyá rẹ̀. Tó bá ti gba àádọ́rin máàkì nínú èsì ìdánwò àṣekágbá, wọ́n á mú un síbẹ̀. Ó kúkú mọ̀wé. Àádọ́rùn-ún ló ń gbà lọ́wọ́ tíṣà.

Ṣùgbọ́n àwọn olùdánwò tó ń ti ìta wá kì í gba máàkì tíṣà bẹ́ẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ wo bí gbogbo kíláàsì ṣe ṣe sí nínú ìdánwò tiwọn. Bí kíláàsì bá ṣubú, wọ́n á fa máàkì tí tíṣà fún gbogbo wọn wálẹ̀, títí kan ti ẹni tó mọ̀wé jù.

Nígbà tó ku ọ̀la kí ìdánwò bẹ̀rẹ̀, Àrínọlá, ọmọ kíláàsì rẹ̀, kó yímíyímí wọ yàrá tí wọ́n ń sùn. Ó ní, "Ẹ ò rí i bó ṣe ń yí ẹrù tó tóbi jù ú lọ, tí kì í rẹ̀ ẹ́? Ẹni tó bá jẹ ẹ́, ìwé ò ní rẹ̀ ẹ́." Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yan án, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n pò ó mọ́ gaàrí, wọ́n sì jẹ ẹ́.

Ìyádùnní mọ̀ pé inú ìgbẹ́ màlúù ni kòkòrò náà ti wá. Ó yíjú sí ògiri. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé, "Ó kàn wọ́n, kò kàn mí."

Lóru ọjọ́ náà, ọ̀fun wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún, hẹ̀rẹ̀ níbí, huru lọ́hùn-ún. Ìyádùnní fi ìrọ̀rí dí etí, pàbó ló já sí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n wọ gbọ̀ngán ìdánwò. Ẹni tí kò wúkọ́ ń sáré lọ sí ilé ìgbẹ́, olùṣọ́ ìdánwò gan-an fi aṣọ bo imú. Ìyádùnní nìkan ló kọ ìwé rẹ̀ tán.

Èsì dé, kíláàsì ṣubú lulẹ̀ gbì. Wọ́n fa àádọ́rùn-ún Ìyádùnní wálẹ̀ sí méjìdínláàádọ́rin.

"Màámi ti ra bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ dè mí," ló ń wí, tó ń sunkún.

Àrínọlá ní, "Ṣé o mọ̀, tó ò sọ fún wa? Ìwọ mà la máa ń bi ní nǹkan."

Ìyádùnní tún yíjú sí ògiri.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kò pẹ́ tí ọ̀fun àwọn tó jẹ yímíyímí fi san, wọ́n sì ń hanrun. Ìyádùnní tí kò fẹnu kàn án ni kò rí oorun sùn, tó ń ro bẹ́ẹ̀dì tó ṣófo n'Ílọrin. Ẹ wá ká pa á pọ̀: bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.