Kábíyèsí Àfìkakọ àti Ìmísí Tó Ń Ti Òkè Wá

Bí ẹ bá dé Ìgàndò, tí ẹ béèrè Ọ̀gbẹ́ni Babárìndé Ọláoyè, àwọn ará àdúgbò á ní, "Ta nìyẹn? Ṣé akọ̀wé tó ń gbé yàrá méjì lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ni?" Ẹ má dá wọn lóhùn jàre. Wọn kò mọ̀ pé ọba ni àwọn ń bá tò sídìí ẹ̀rọ omi láràárọ̀.

Ọba ni, ọba gidi, bí dátà bá ti wà. Ọ̀gá àwọn tí ń fi àtàǹpàkò jọba! Ẹkùn orí Wásáàpù, tí ń bú ramúramù nígbà tí iná bá wà, tí ń dákẹ́ jẹ́ẹ́ nígbà tí bátìrì bá kú!

Ìlú tó ń jọba lé lórí ń jẹ́ Àfìkakọ. Kò sí kẹ̀kẹ́ tó lè gbé yín débẹ̀ láti Ẹ̀gbẹ́dá, nítorí inú fóònù ló wà. Eré ni. Àwọn tó fẹ́ràn ìtàn ló kó ara wọn jọ sínú gúrúùpù kan. Oníkálukú mú ẹ̀dá kan, ó ń kọ̀rọ̀ bí ẹ̀dá náà, ẹlòmíràn ń dá a lóhùn, ìtàn sì ń gùn sí i lójoojúmọ́. Abdulmuiz tó ń ta táìlì ní Dopemu ni Balógun ìlú. Tòún, tíṣà kan ní Ìdímù, ni Ọdẹ Kúkúǹdùkú, ọdẹ tí irọ́ rẹ̀ tóbi ju ẹran tó ń pa lọ. Babárìndé tó dá gúrúùpù náà sílẹ̀ lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn ló fi ara rẹ̀ joyè Ọba Adékansánmà. Ta ni ì bá tún fi jẹ ẹ́?

Ká má purọ́ mọ́ ọn, ó mọ̀ ọ́n kọ nígbà kan. Bó bá kọ ọ́ pé òjò rọ̀ ní Àfìkakọ, àwọn èèyàn Ayọ̀bọ̀ á sáré kó aṣọ wọn wọlé. Ṣùgbọ́n ọdún gorí ọdún, kànga rẹ̀ gbẹ. Ọlọ́gbọ́n tí kànga rẹ̀ gbẹ á tọrọ omi lọ́wọ́ aládùúgbò. Babárìndé ní tirẹ̀ ń jí omi aládùúgbò pọn, ó sì tún ń retí kí wọ́n kúnlẹ̀ dúpẹ́ pé òun fún wọn lómi mu.

Ọ̀nà tó ń gbà ṣe é rèé. Ó dá àṣà kan sílẹ̀ tó pè ní Ìbùkún Ààfin: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ohun tó kọ síta láìkọ́kọ́ fi í ránṣẹ́ sí Kábíyèsí ní kọ̀rọ̀. Bí iṣẹ́ náà kò bá dùn, kíá ni ìbùkún á dé: "Ó dára, máa bá a lọ." Ṣùgbọ́n bó bá dùn dénú eegun, èsì kan náà ni: "Kò tíì jinná. Dá a padà sórí iná." Tó bá wá di ọ̀sẹ̀ kejì, ọbẹ̀ tí kò jinná á ti ààfin jáde, á ti dé adé, á ti di iṣẹ́ Kábíyèsí, gbogbo ìlú á sì máa lá ọwọ́.

"Kábíyèsí, báwo lẹ ṣe ń rí ìmísí fún gbogbo ọdún wọ̀nyí?"

"Ọmọ mi, láti òkè ni."

Kò kúkú parọ́. Bí èèyàn bá ti ṣí Wásáàpù, òkè ni iṣẹ́ tuntun tí wọ́n fi ránṣẹ́ síni máa ń wà.

Ó tún ṣe òfin méjì. Ìkíní: ohun tí èèyàn bá ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ nípa ẹ̀dá rẹ̀ ní gbangba, ó ti ṣẹlẹ̀, kò sí pípadà. Èkejì: bí wọ́n bá ṣèpàdé lójúkojú, oníkálukú gbọ́dọ̀ máa hùwà bí ẹ̀dá rẹ̀. Gift tó ń ṣe ọmọ ọba obìnrin ló jìyà òfin náà jù. Ibà ń ṣe é lọ́jọ́ kan, oògùn ń pa á bí ọtí, ló bá kọ ọ́ síta pé ọmọ ọba bẹ́ sódò, ó di ẹja. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó figbe ta.

"Kábíyèsí, ẹ jọ̀ọ́, ibà ló kọ ọ́, kì í ṣe èmi."

"Ó ti ṣẹlẹ̀."

"Sà, ẹja ò lè sọ̀rọ̀ kankan!"

"Nígbà náà, má sọ̀rọ̀."

Gift ti di ẹja láti ìgbà náà. Níbi ìpàdé ọdún tó kọjá, ńṣe ló jókòó tó ń la ẹnu, tó ń pa á dé, tí àwọn ènìyàn ń ju ẹ̀ẹ́rún búrẹ́dì sí i.

Báyìí ni gúrúùpù pé ọdún mẹ́wàá, oyè ọba kò sì tó Babárìndé mọ́. Ó fẹ́ jẹ Olórí Títí Ayé. Ó gba gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìkòtún, ó yá àga aláwọ̀ wúrà, ó sì kéde pé òun yóò kọ́kọ́ sọ àsọyé lórí bí ìmísí olórí kì í ṣeé gbẹ, kí wọ́n tó fi òun joyè. Abdulmuiz gbọ́, ó fèsì lójú gbogbo gúrúùpù.

"A gbọ́, Kábíyèsí. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa jẹ Olórí Títí Ayé, kó kọ́kọ́ ka ìtàn tuntun kan sí wa létí látòkè délẹ̀, ìtàn tí kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ rí. Bí kò bá rí i kà, ká dìbò yan olórí mìíràn."

"Ọ̀rọ̀ Balógun dáa o!" ni gbogbo ìlú wí.

Ìdìbò kẹ̀! Bí wọ́n bá dìbò, Babárìndé kò ní í wọlé, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tó ti ń jẹ oúnjẹ ẹlòmíràn kì í mọ iye ọ̀tá tó ti kó jọ. Ó gbààwẹ̀ torí ìmísí. Òórùn àkàrà tí wọ́n ń dín nílé kejì ló bá a já a. Ó dùbúlẹ̀, ó wo àjà ilé títí. Aláǹgbá nìkan ló rí. Níkẹyìn, ó gbé bàsíà, ó bu omi tútù sí i, ó ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ̀ ọ́. Ìyàwó rẹ̀, Olúrẹ̀mí, bá a níbẹ̀.

"Bàbá Promise, ṣé bàsíà tí mo fi ń wẹ ọmọ nìyẹn?"

"Mo ń dúró de ìmísí."

"Ẹ ṣeun. Tó bá ti dé, kó bá wa pọn omi mìíràn."

Ibi tó ti ki ẹsẹ̀ bọ bàsíà yìí náà ni fóònù ti dún. Tòún ni. Ó ní, "Kábíyèsí, ẹ bá mi wo èyí. Ó ti rẹ Ọdẹ Kúkúǹdùkú, mo fẹ́ fi ìtàn yìí yọ ọ́ kúrò lójú agbo." Ìtàn náà gùn bí ìrù ọ̀bọ. Babárìndé bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ọdẹ wọ igbó, igi ń tẹrí ba fún un. Ọdẹ gun ẹfọ̀n lẹ́yìn láìsí ìjánu. Ibẹ̀ ló ti fò sókè, omi dà sí gbogbo ilẹ̀.

"Ìmísí ti dé!"

Ó fèsì fún Tòún pé, "Kò tíì jinná." Lẹ́yìn náà, ó lo ọgbọ́n kan tí fóònù rẹ̀ mọ̀: ó ní kí fóònù pa orúkọ Ọdẹ Kúkúǹdùkú rẹ́ níbikíbi tó bá ti wà, kó fi ti Ọba Adékansánmà dípò. Fóònù ṣe é kí ó tó mí. Ìdajì tó kù ńkọ́? Kò kà á. Télọ̀ ti pè é pé agbádá ti parí, wọ́n sì ní láti ya fọ́tò agbádá. Ẹni tó jí ọbẹ̀ kì í dúró tọ́ ọ wò bóyá iyọ̀ rẹ̀ tó.

Sátidé ìwúyè pé, gbọ̀ngàn kún. Tòún jókòó níwájú, Gift jókòó tì í, ó ń la ẹnu, ó ń pa á dé. Lẹ́yìn gbọ̀ngàn, àwọn kan ń dín dòdò. Babárìndé jókòó sórí àga wúrà, agbádá rẹ̀ gba àga gba ilẹ̀.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ló wí, "ẹni tó bá fẹ́ kí ìmísí máa bá òun gbé, kó máa ki ẹsẹ̀ bọ omi tútù. Kó máa gbààwẹ̀ dáadáa. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kó má ṣe fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, nítorí ìmísí kì í bá olè gbé!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó wú bíi búrẹ́dì. Ó fa fóònù yọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn tó ti òkè wá.

Ọba Adékansánmà wọ igbó. Igi tẹrí ba. Ọba Adékansánmà gun ẹfọ̀n. Gbọ̀ngàn hó yèè! Ó gbóhùn sókè sí i: "Ó súfèé, ajá rẹ̀, Má-fi-mí-ṣeré, sì sáré wá, ó gbé ẹnu lé àpò ẹran tí ọba gbé kọ́ èjìká."

Tòún gbórí sókè.

"Láti ìgbà wo ni Kábíyèsí ti ní ajá?" Abdulmuiz béèrè.

"Àbí ẹ̀ ń gbọ́, ajá Ọdẹ Kúkúǹdùkú kọ́ nìyẹn ni?" ni ẹnì kan wí lẹ́yìn.

"Ẹ dákẹ́! Ìmísí ń kọjá!"

Ó ń kà á lọ. Ó ti kọjá ibi tó kà dé nínú bàsíà. Ibi tó wà báyìí, òun àti àwùjọ ló jọ ń gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọba Adékansánmà dé etí odò, ó bá ìyá arúgbó kan tó ni odò náà.

"Ìyá náà bi í pé, 'Ta ló pa ẹran tó wà nínú àpò rẹ?' Ọba Adékansánmà ní, 'Èmi ni.' Ìyá ní, 'Irọ́ ni. Ẹlòmíràn ló pa á, ìwọ kàn gbé e ni. Gbogbo èyí tí o ti ń gbé wálé, ẹlòmíràn ló pa á.'"

Ohùn rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀.

"'Irùngbọ̀n sì... irùngbọ̀n sì hù ní àgbọ̀n Ọba Adékansánmà.'"

Ó fi ìka fò ó. Ibi tó bọ́ sí, ìwo méjì ti yọ lórí Ọba Adékansánmà. Ó tún fò ó. Pátákò! Ibi gbogbo tó bá fi ìka kàn, òbúkọ ló wà níbẹ̀. Ó pa fóònù dé, ó fi agbádá nujú.

"Ìtàn parí."

"Kò tíì parí," ni Abdulmuiz wí. "Látòkè délẹ̀ la sọ. Àbí ká wá dìbò ni?"

Babárìndé ṣí fóònù. Ó wá ìlà tó gbẹ̀yìn, ó sáré kà á bí ẹni tó ń gbé oògùn kíkorò mì.

"Báyìí ni Ọba Adékansánmà ṣe di òbúkọ, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí ayé."

Títí ayé! Gbọ̀ngàn dà rú. Àwọn kan gun àga. Àwọn kan ti ń ká a sínú fídíò. Babárìndé dìde fùú.

"Ẹ dúró ná! Àṣìṣe ni! Kì í ṣe ọba, ọdẹ ni!"

"Ọdẹ wo?" Abdulmuiz béèrè.

"Ọdẹ... Ọdẹ Tòún."

Ó gbọ́ ọ bó ṣe ń ti ẹnu òun jáde, ṣùgbọ́n ẹyin ti bọ́. Tòún dìde jẹ́ẹ́jẹ́.

"Ọdẹ tèmi, sà? Èyí tí kò tíì jinná yẹn?"

Ẹ̀rín yẹn, wọ́n gbọ́ ọ dé ibùdókọ̀. "Kò tíì jinná" ti ẹlòmíràn dìde pẹ̀lú, àti ti ẹlòmíràn lẹ́yìn rẹ̀, oníkálukú ń dárúkọ ọbẹ̀ tirẹ̀ tó ti wọ ààfin lọ tí kò padà.

"Ẹ bá mi pa á rẹ́," ni Babárìndé ń bẹ̀bẹ̀. "Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jẹ́ ká—"

"Ó ti ṣẹlẹ̀!" ni gbogbo gbọ̀ngàn fi ohùn kan dáhùn.

"Òfin kejì," ni Abdulmuiz sọ. "Òbúkọ kì í sọ èdè èèyàn. Òbúkọ kì í sì í jókòó sórí àga ọba. Tòún, ẹ bọ́ síbẹ̀ jàre."

Ọwọ́ tó nà sókè fún Tòún kò ṣeé kà. Tòún jókòó. Babárìndé bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú agbádá rẹ̀ ńlá, ó dúró sáàárín gbọ̀ngàn, kò mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ sí. Nígbà náà ni Gift dìde. Ó lọ sẹ́yìn lọ́dọ̀ àwọn tó ń dín dòdò, ó bu èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú àwo, ó gbé e wá síwájú rẹ̀. Ó la ẹnu, ó pa á dé, ó padà lọ jókòó.

Babárìndé wo ẹnu ọ̀nà. Bó bá gba ibẹ̀ jáde, ó parí nìyẹn: kò sí Àfìkakọ mọ́, akọ̀wé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ló kù. Ẹ̀rù bà á gan-an. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé e pé òun fẹ́ràn ìlú náà ju adé rẹ̀ lọ. Ó wo èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó wo Tòún lórí àga. Ó kó agbádá rẹ̀ sọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na ọrùn, ó sì la ẹnu.

"Mẹ̀ẹ̀ẹ̀ẹ̀!"

Ó gùn, ó gbọ̀n ní ìparí, ó ní ìbànújẹ́ nínú, ó sì ní ẹ̀bi kékeré kan bí ti òbúkọ tó ti jẹ oko olóko. Gbogbo gbọ̀ngàn dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta wọ́n. Láti ọdún gbọọrọ, ohun àkọ́kọ́ nìyẹn tó ti inú Babárìndé fúnra rẹ̀ jáde.

Tòún fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omijé ẹ̀rín.

"Bọ̀dá Rìndé," ló wí, "èyí jinná."