Ìkùukùu Tó Fi Ìṣẹ́jú Márùn-ún Pẹ́

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Òkè-Apá, ẹ pa ẹ̀rọ ìlọta, ẹ rẹ ọmọ tó ń ké lẹ́kún, ẹ gbọ́!

Láṣebìkan, tó ń tọ́jú sólà àti abẹ̀bẹ̀ ńlá orí òkè tó ń fún wa níná, ti ṣẹ ìlú! Ẹ mọ iṣẹ́ rẹ̀. Láràárọ̀, á pe àbúrò rẹ̀ ní ìlú Alágbọn lórí fóònù, nítorí ọ̀hún ni ìkùukùu ti ń ṣú kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Á wo bí afẹ́fẹ́ ṣe ń yí abẹ̀bẹ̀, á yẹ bátìrì wò, á wá kọ ọ́ sójú pátákó: ìgbà tí iná yóò pọ̀, ìgbà tó yẹ kí àwọn wẹ́dà tó ń jó irin àti àwọn alọta sinmi. Inú rẹ̀ a máa dùn sí i bí ẹni ń jẹ àádùn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí àlejò ìjọba wá, ó kọ ọ́ pé ìkùukùu yóò bò wá ní aago méjì. Ìgbìmọ̀ ní èyí kò bójú mu níwájú àlejò. Wọ́n nù ún. Wọ́n kọ “Oòrùn títí dalẹ́”. Gbogbo ìlú tan ẹ̀rọ! Ìkùukùu dé, iná lọ, àlejò làágùn. Àmọ́ aago méjì kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún ni ìkùukùu dé! Ìṣẹ́jú márùn-ún! Láṣebìkan parọ́!

Nítorí náà, Baálẹ̀ àti ìgbìmọ̀ pàṣẹ:

1. Ìkùukùu tó bá fẹ́ kọjá gbọ́dọ̀ wá gbàyè láàfin ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Èyí tó bá já wọ̀lú, a ó dá a padà sí Alágbọn!

2. Afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ fẹ́ ní ìwọ̀n kan náà látàárọ̀ dalẹ́. Tó bá le jù, ó jẹ̀bi. Tó bá dúró, ó jẹ̀bi. Ìyá Múfú, ẹ yé rẹ́rìn-ín, àṣẹ ni!

3. A yọ Láṣebìkan níṣẹ́! Àna ọmọ ìgbìmọ̀ wa, Olóyè Ajírọ́tutù, ló gba pátákó. Kò mọ̀ nípa ojú ọ̀run, ṣùgbọ́n ó mọ “oòrùn” kọ dáadáa.

4. Ẹni tó bá tún bi Láṣebìkan bí ọ̀la yóò ṣe rí, oṣù mẹ́ta ni yóò fi ro oko ìdí sólà!

Ẹ dúró, ó ku kékeré. Ìpàdé ìgbìmọ̀ tó yẹ kó wáyé lọ́la ní aago mẹ́ta ti di aago mọ́kànlá àárọ̀. Láṣebìkan ló ní ìkùukùu ń bọ̀ lọ́sàn-án, iná yóò lọ; àwọn ìgbìmọ̀ ló ránṣẹ́ bi í. Nítorí èyí, yíyọ tí a yọ ọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ nígbà tí òjò ọdún yìí bá dá.

Ẹnu ìgbìmọ̀ ni mo fi sọ ọ́. Ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi ń lọ sílé.