Òrùlé Pẹrẹsẹ Tí Akínlàbí Kọ́ fún Àna Rẹ̀

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ? Ẹ má wulẹ̀ dáhùn, ẹ ò mọ̀ ọ́n. Akínlàbí ló fà á.

Akínlàbí yìí, ayàwòrán ilé ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé, Bùsọ́lá ló sì fẹ́ fẹ́. Bàbá ọmọ ní, "Kọ́lé fún mi ná. Ibi tí o bá fi èmi sí ni n ó fi mọ ibi tí wàá fi ọmọ mi sí."

Ni Akínlàbí bá kọ́lé: funfun báláú, ògiri dígí, òrùlé kọnkéré tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí àtẹ. Kò sí páànù, kò sí etí òrùlé rárá.

"Ọmọ mi," ni ìyá Bùsọ́lá wí, "òjò ńkọ́?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Mọ́mì. Òrùlé olórí ṣóńṣó ti di ti ayé àtijọ́. Ilé ìgbàlódé kì í dé fìlà."

Ó tún fẹ́ wó ilé ìdáná onípáànù tó wà lẹ́yìnkùlé, níbi tí adìyẹ ń sùn, pé ó ń ba ojú ilé jẹ́. Ìyá bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. "Wó o mọ́ mi lórí!" Kíá ni Akínlàbí fi í sílẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn ẹyẹlé àdúgbò gba orí òrùlé tuntun, inú rẹ̀ sì dùn.

"Ẹ ò rí i? Ẹyẹlé lókè, adìyẹ lẹ́yìnkùlé, kálukú mọ àyè rẹ̀."

Ọjọ́ ìdána pé, pálọ̀ ilé tuntun náà ni wọ́n ti ń ṣe é. Ìyá Akínlàbí, obìnrin tí kì í fẹ́ kí eruku kan òun, jókòó nínú léèsì. Bàbá Bùsọ́lá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ la ẹnu sọ pé òun fi ọmọ fún Akínlàbí ni òjò dé. Omi dúró sórí òrùlé, kò ríbi gbà lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kán tó, tó. Wọ́n sún àga. Ó kán níbẹ̀ náà. Bàbá ṣí agboòrùn ní pálọ̀. Àfi gbàà! Àjà ya, omi gbá obì àti orógbó ìdána lọ sábẹ́ àga.

"Ó parí!" ni bàbá pariwo. "Mi ò ní í fọmọ mi fún ẹni tí yóò fi í sínú odò!"

Ojú Akínlàbí pọ́n, ó fẹ́ sunkún. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ bínú jáde sínú irú òjò yẹn? Ilé ìdáná nìkan ló gbẹ. Gbogbo ẹbí sá wọ ibẹ̀, àwọn ẹyẹlé náà já wọlé tẹ̀lé wọn. Adìyẹ kan fò sórí gèlè ìyá Akínlàbí, ẹyẹlé kan bà lé bàbá léjìká. Akínlàbí dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ìgbẹ́ adìyẹ, tòun ti agbádá tuntun.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà! N ó fi páànù bò ó!"

"Ṣé yóò létí?"

"Etí gbọọrọ, sà!"

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Akínlàbí náà rẹ́rìn-ín, tó fi jẹ́ pé adìyẹ orí gèlè ń mì. Àárín ìkòkò níbẹ̀ ni wọ́n ti fa Bùsọ́lá lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní wọ́n ti ń pa òwe náà kí wọ́n tó bí Akínlàbí, kó lọ bá adìyẹ ṣẹjọ́. Ohun tí èmi mọ̀ ni pé òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ, tó tún kó àna aláṣọ léèsì mọ́ wọn.