Ààrò Tó Di Olórí Ilé-iṣẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, ṣé ẹ mọ ibi tí àwọn àgbà ti rí òwe náà? Ẹ má wulẹ̀ wo ọ̀dọ̀ ọmọ tuntun. Ilé búrẹ́dì kan ní Iléṣà ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ìbídùnní ni akọ̀wé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síbẹ̀ láti dán wò. Ilé-ìwòsàn ńlá kan ń wá ẹni tí yóò máa gbé búrẹ́dì fún àwọn aláìsàn. Adébámbọ̀, ọ̀gá Ìbídùnní, sì ti sọ fún un pé bí ìwé tí wọ́n fi máa tọrọ iṣẹ́ náà bá dára, ó di òṣìṣẹ́ wọn nìyẹn. Bí kò bá dára, kó máa lọ sílé. Obìnrin náà sì ní ọmọ kékeré tó ń wo ọwọ́ rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń ṣe ìwé náà, ṣùgbọ́n ètò inú rẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Orúkọ lèèyàn máa fún apá kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ń jẹ́ "olórí", ètò náà á fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́, á fún un ní ojú ìwé tirẹ̀. Èyí tó bá ń jẹ́ "ìsàlẹ̀", á sọ ọ́ di wẹ́wẹ́ bí èèrà ní ẹsẹ̀ ìwé. Kì í béèrè pé ọmọ ta ni.

"Ọ̀gá, níbo ni kí n fi yín sí?"

Adébámbọ̀ rẹ́rìn-ín. "Èmi kẹ̀? Ta ni mo jẹ́? Ìsàlẹ̀ tó mi. Àwọn àgbà ni kó o gbé ga."

Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀, ó ń retí kí wọ́n bẹ òun ni. Ìbídùnní mọ̀. Àmọ́ ẹni tí wọ́n ń dán wò kì í bá ọ̀gá jiyàn. Ó sọ ọ̀gá ní "ìsàlẹ̀", níbi tí iyọ̀ àti ìwúkàrà tó ń mú búrẹ́dì wú wà.

Ó wá kan ààrò tí olóògbé bàbá ọ̀gá fọwọ́ ara rẹ̀ mọ, èyí tí ìtàn ilé-iṣẹ́ náà fi bẹ̀rẹ̀. Ta ló máa fi ohun tí òkú fi sílẹ̀ sí ẹsẹ̀ ìwé? Olórí. Ó kan Bàbá Láyẹmí, awakọ̀ wọn, tó ju gbogbo wọn lọ lọ́jọ́ orí. Olórí. Kò padà wo ìwé náà kó tó fi ránṣẹ́.

Kò pẹ́, obìnrin kan pè láti ilé-ìwòsàn. "Ìwé yín wù wá. Ó ku kí olórí yín wá fọwọ́ sí i."

Adébámbọ̀ wọṣọ, ó lọ. Obìnrin náà fi awò sójú, ó wá orúkọ rẹ̀ títí.

"Ẹ̀yin rèé, lábẹ́ iyọ̀ àti ìwúkàrà. Alàgbà Ààrò là ń retí, sà."

"Ààrò ò lè wá."

"Kí ló ṣe wọ́n?"

"Ó ń gbóná."

"Ẹ kúkú gbé wọn wá. Ilé-ìwòsàn náà lẹ wà yìí."

Àlàyé tí Adébámbọ̀ ṣe kò wọ̀ ọ́ létí. Ó ní òun ò lè fi ẹni ìsàlẹ̀ rọ́pò olórí, àfi kí ẹni tó tẹ̀ lé Alàgbà Ààrò wá. Inú mọ́tò níta ni wọ́n ti lọ pe Bàbá Láyẹmí. Wọ́n fún bàbá ní àga àti omi tútù, ó rọra fọwọ́ síwèé, Adébámbọ̀ dúró tì í. Nígbà tí wọ́n ń padà, bàbá jókòó sẹ́yìn. Ẹ má bi mí pé ta ló wa mọ́tò.

Bí Adébámbọ̀ ṣe wọlé, ó nàka sí Ìbídùnní. "Kó ẹrù rẹ."

Ìbídùnní fa àpò rẹ̀ jáde lábẹ́ tábìlì.

"Ta ló ní kó kó ẹrù?" Bàbá Láyẹmí ló sọ̀rọ̀. "Olórí ò tíì lanu."

"Bàbá, ṣé ẹ rí ohun tó fojú mi rí?"

"Adébámbọ̀, ìwọ lo ní ìsàlẹ̀ tó ọ. A ti gba iṣẹ́, àwọn aláìsàn á jẹ búrẹ́dì. Ìbídùnní, padà síbi iṣẹ́ rẹ, òṣìṣẹ́ wa ni ọ́."

Láti ìgbà náà, kí Ìbídùnní tó fún ohunkóhun lórúkọ, á kọ́kọ́ yọjú sí yàrá ìyẹ̀fun, á yọjú sí ọ́fíìsì, á wo ẹni tó jókòó àti ẹni tó wà lórí ìdúró lọ́jọ́ náà. Ẹ ò wá rí i pé òótọ́ ni wọ́n sọ: ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.