Bàtà Fáníyì Lórí Igi Ọdẹ́wálé

Ṣé ẹ mọ ohun tó fà á tí àwọn àgbà fi máa ń sọ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́? Ẹ má wulẹ̀ dá mi lóhùn. Mo mọ̀ pé ẹ ó ní ọ̀rọ̀ náà kò lẹ́jọ́ nínú, pé àwọn tó ti kórìíra ara wọn, ibo ni ọ̀rẹ́ tún ti fẹ́ wá. Irọ́ ni. Kì í ṣe ìkórìíra ló bí òwe yìí. Igi ìdáná ló bí i, àti bàtà ẹsẹ̀ kan, àti ọkùnrin méjì tí wọn kò fìgbà kan dẹ́kun àtimáa fẹ́ràn ara wọn. Ohun tó mú kó pa mí lẹ́rìn-ín nìyẹn, òun náà ló sì mú kó máa dùn mí.

Ọdẹ́wálé àti Fáníyì ni wọ́n ń jẹ́, ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Òkè-Ahùn. Ìyàwó àwọn méjèèjì ti kú, àwọn ọmọ wọn sì ti bá iṣẹ́ lọ sí ìlú ńlá. Bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, Fáníyì á gbé àga rẹ̀ wá sí iwájú ilé Ọdẹ́wálé, wọn á jọ jókòó. Wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọ̀kan á wúkọ́, èkejì á ní pẹ̀lẹ́. Ogójì ọdún ni wọ́n fi ṣe èyí, ó sì tó wọn.

Ní ọdún kan, Ọdẹ́wálé gé igi ìdáná sínú igbó, ó tò ó jọ gègèrè. Ó kù kó fi ààlè lé e ni ẹ̀yìn ríro bá mú un, ló bá rọra ń wọ́ lọ sílé. Ẹ mọ ààlè: àkísà, ìkarawun ìgbín, ṣùkù àgbàdo, ohunkóhun tí èèyàn bá gbé kọ́ sórí ẹrù rẹ̀ nínú igbó kí ẹlòmíràn lè mọ̀ pé ó ní ẹni tó ni ín. Igi tí kò bá ní ààlè, igi gbogbo ayé ni.

Fáníyì kọjá níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó rí igi ọ̀rẹ́ rẹ̀ láìní ààlè. Kò ní àkísà lọ́wọ́, kò rí ìkarawun. Ló bá bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, bàtà tí wọ́n fi táyà mọ́tò ṣe, ó gbé e kọ́ sórí igi náà, ó sì fẹsẹ̀ kan rin ilẹ̀ dé ilé. Nígbà tí yóò fi dé, wọ́n ti ránṣẹ́ pé ọmọ rẹ̀ obìnrin bímọ ní ìlú ńlá, mọ́tò sì ti ń fun fèrè. Ó ní bí òun bá dé, òun á sọ ọ̀rọ̀ igi fún Ọdẹ́wálé.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni ẹ̀yìn tó gbà fún Ọdẹ́wálé láti padà sí igbó. Kí ló rí lórí igi rẹ̀? Bàtà Fáníyì. Kò sí ẹlòmíràn tó ń wọ irú rẹ̀ ní Òkè-Ahùn, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ààlè rẹ̀ bá wà lórí ẹrù ló ni ẹrù. Ó lọ sí ilé Fáníyì, ó bá ìlẹ̀kùn ní títì, aládùúgbò sì ní òun kò mọ ibi tó lọ, pé ìkánjú ni bàbá náà fi wọ mọ́tò. Kò bínú. Ó dùn ún ni. Ì bá sàn kó bínú, nítorí èèyàn lè sun oorun kí ìbínú lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, òun nìkan ló jókòó síwájú ilé, ó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé, ẹni kan ṣoṣo tó kù fún mi ló ṣe mí báyìí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Bí Fáníyì ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò ni wọ́n mú un, tòun ti búrẹ́dì tó rà bọ̀ fún Ọdẹ́wálé lábẹ́ apá. Wọ́n ní kó ṣàlàyé. Ó ní òun kò ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni. Bí Ọdẹ́wálé kò bá mọ irú ẹni tí òun jẹ́ lẹ́yìn ogójì ọdún, kó máa ṣàìmọ̀ lọ. Agídí ni, ẹ jẹ́ ká pè é lórúkọ rẹ̀. Àwọn ẹbí rẹ̀ gba béèlì rẹ̀, wọ́n sì wá lọ́yà fún un.

Ìlú bá pín sí méjì, Ẹgbẹ́ Ó-Jí-I àti Ẹgbẹ́ Kò-Jí-I. Onígbàjámọ̀ tó jẹ́ Ó-Jí-I fá ààbọ̀ orí Kò-Jí-I kan, ó ní kó lọ fá ìyókù lọ́dọ̀ àwọn olè ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìyàwó ilé kan ní kí ọkọ òun máa sun pálọ̀ títí adájọ́ á fi sọ̀rọ̀. Àwọn tí kò mọ ọ̀nà Òkè-Ahùn ń pe ilé iṣẹ́ rédíò láti dá ẹjọ́. Ọ̀kan nínú wọn ní lójú tòun, kí wọ́n ti igi àti bàtà mọ́lé ná.

Ilé Ọdẹ́wálé wá kún. Àwọn Ó-Jí-I ń gbé àga wá láti àárọ̀ dalẹ́. Ó jẹ́wọ́ fún mi fúnra rẹ̀ pé ó kọ́kọ́ dùn mọ́ òun, nítorí láti ìgbà tí ìyàwó òun ti kú, ilé náà kò gba èrò bẹ́ẹ̀ rí. Àmọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó wúkọ́ láàárín ogójì èèyàn, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó ní pẹ̀lẹ́. Ilẹ̀ tó mọ́, ó sáré lọ sí àgọ́, ó ní òun fẹ́ gba ẹjọ́ òun padà. Ọlọ́pàá ní ẹjọ́ olè kì í ṣe ẹjọ́ rẹ̀ mọ́, ti ìjọba ni. Àwọn Ó-Jí-I náà gbọ́, wọ́n ní ṣé ó fẹ́ dójú ti àwọn ni.

Ọjọ́ ìdájọ́ pé. Lọ́yà Fáníyì ní kí wọ́n jẹ́ kó wọ bàtà náà wò. Ẹ rántí pé láti ìgbà tí ọlọ́pàá ti gba bàtà yẹn ṣe ẹ̀rí, bàtà ẹsẹ̀ kan ló kù sílé, Fáníyì sì ti ń fẹsẹ̀ lásán rìn fún oṣù márùn-ún. Ẹsẹ̀ ti wú, ó ti fẹ̀. Ó tì í, kò wọlé. Akọ̀wé kóòtù bá a tì í, kò wọlé.

Fáníyì wo Ọdẹ́wálé, ọkàn rẹ̀ sì rọ̀. Ó ní, “Olúwa mi, tèmi ni bàtà yìí. Mo fi ṣe ààlè fún ọ̀rẹ́ mi ni, kí wọ́n má bàa jí igi rẹ̀.”

Lọ́yà rẹ̀ ní kó panu mọ́, pé ẹsẹ̀ ti sọ̀rọ̀. Adájọ́ náà gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní bàtà tí kò bá gba ẹsẹ̀ kò lè di ẹ̀bi rù ú, kí Fáníyì máa lọ sílé ní àlàáfíà, kí òun àti Ọdẹ́wálé sì lọ máa ṣọ̀rẹ́ wọn.

Àwọn Ó-Jí-I ń pariwo pé ó jẹ́wọ́ lójú gbogbo wa. Àwọn Kò-Jí-I ń bínú pé kí ló gbé e dé ìdí ìjẹ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ẹjọ́ mìíràn ṣẹlẹ̀ ní ìlú kejì, oníkálukú gbé àga rẹ̀, wọ́n gba ibẹ̀ lọ.

Ọdẹ́wálé lọ dọ̀bálẹ̀ fún Fáníyì. Fáníyì gbé e dìde, ó ní ó ti tán, ó sì tán nínú rẹ̀ lóòótọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, ó gbé àga rẹ̀ dé. Ọdẹ́wálé bi í pé níbo ló ti ń bọ̀. Fáníyì ní òun kúrò nílé ní aago márùn-ún, òun pàdé Ìyá Ẹlẹ́kọ àti telọ, wọ́n sì lè jẹ́rìí. Ọdẹ́wálé fún un ní iṣu sísun. Kò gbà á títí ẹni méjì tó ń kọjá lọ fi rí i pé wọ́n fún un ni. Nígbà tí Fáníyì gbàgbé fìlà sórí àga, Ọdẹ́wálé kò jẹ́ fọwọ́ kàn án. Ó dúró lójú títì, ó ń wá ẹni tí yóò bá òun wò ó. Àwọn tó ń pe ara wọn ní ìwọ látìgbà èwe bẹ̀rẹ̀ sí pe ara wọn ní ẹ̀yin.

Nígbà tó yá, Fáníyì ń mú ìwé dání wá. Yóò kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun wá, òun jókòó, òun kò mú ohunkóhun lọ ju àga òun lọ. Ọdẹ́wálé á tẹ̀ka.

Ní ọjọ́ kan, Ọdẹ́wálé kò lè mú un mọ́ra. Ó ní, “Fáníyì, ṣé o rò pé mo tún lè mú ọ lọ sí àgọ́ ni?”

“Rárá o. Ó dá mi lójú pé o ò lè ṣe é.” Fáníyì ṣí ìwé tó mú dání. “Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe dá mi lójú nígbà yẹn.”

Ó wá na ìwé sí i. Ó ní, “Ẹ bá mi tẹ̀ka síbí, ẹ jọ̀ọ́.”

Ọdẹ́wálé tẹ̀ka. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí ìwé, Fáníyì sì ní kó jọ̀ọ́, kó rọra, kí ẹ̀rí má lọ bàjẹ́.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé àwọn méjèèjì kì í ṣe ọ̀rẹ́ mọ́, kò mọ nǹkan kan. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n, ìwé rẹ̀ kún àpótí. Jíjókòó síbi kan kí wọ́n sì ṣe ọ̀rẹ́ náà ni kò ṣeé ṣe mọ́, nítorí ẹ̀rí ni wọ́n ń kó jọ. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àwọn àgbà fi ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.