Àlá Onísàpó àti Koríko Àdìgún

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i? Mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà ti fi tu èèyàn nínú rí. Ìkòkò ọ̀rẹ́ yín fọ́, ẹ ní kó má bínú, ẹ ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí kò fi tu ẹnikẹ́ni nínú. Inú ló ń bí i, òjò sì ń kán sí i létí. Ẹ fara balẹ̀ kí n rò ó fún yín bó ṣe rí gan-an, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹni tí kò sí níbẹ̀ tàn yín jẹ. Èmi náà ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n èmi mọ̀ ọ́n rò.

Ìlú kan wà láàárín òkè méjì, Sàpó lorúkọ rẹ̀. Kùrukùru kì í tètè ká nílẹ̀ níbẹ̀. Oòrùn á ti yọ níbi gbogbo, ní Sàpó ẹ ó ṣì máa rí ewúrẹ́ tó ń lọ jẹ́jẹ́ tí ẹ ò ní rí ẹsẹ̀ tó fi ń rìn. Oorun ọ̀sán ibẹ̀ dùn ju oyin lọ. Àwọn ará ibẹ̀ kì í kánjú rárá. Bí ẹnìkan bá kí ẹnìkejì láàárọ̀, ìdáhùn lè dé lọ́sàn-án.

Àdìgún ló ń bo ilé nílùú náà. Òun ló bo ààfin, òun ló bo ilé àwọn ìjòyè, òun ló bo ilé Olóyè Ọ̀tún títí kan ilé adìẹ rẹ̀. Ilé tirẹ̀ nìkan ni kò rí àyè bò. Ihò orí yàrá rẹ̀ fẹ̀ débi pé Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ a máa fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní, a máa ka ẹyẹ tó ń kọjá lókè. Ó fara dà á títí, àfi lọ́jọ́ tí òjò kan rọ̀ tààrà sínú ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀. Kò pariwo. Ó ká ẹní, ó gbé ìkòkò rù.

“Baba Àìná,” ó ní fún ọkọ rẹ̀, “mò ń lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi. Ọjọ́ tí òrùlé bá wà, ẹ ránṣẹ́ sí mi. Bí kò bá sí, ẹ máa kí mi bí ẹ bá pàdé mi lọ́nà ọjà.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ Àdìgún lára. Ó fẹ́ràn obìnrin yìí, kí n má purọ́. Ilé wá dákẹ́ jù fún un. Nígbà mìíràn á jókòó sí àárín yàrá, á máa wo òfuurufú láti inú ihò ọ̀hún, á máa ka ẹyẹ bí ìyàwó rẹ̀ ti máa ń ṣe, á ṣì í kà, á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀kan. Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà ló fi ń rìn lọ sí ọ̀nà jíjìn lọ gé bẹẹrẹ, ìyẹn koríko tí wọ́n fi ń bo ilé, nítorí èyí tó wà nítòsí ti tán. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn fi máa parí, ó ti kó ọgọ́rùn-ún ìdì jọ sábẹ́ àká rẹ̀. Ó tó bo ilé rẹ̀ gẹ́lẹ́, kò ní ṣẹ́kù, kò sì ní dín.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ọba ti wọ̀ ọ́ nìyí.

Adéjùmọ̀bí, Onísàpó ìgbà náà, kì í ṣe èèyàn burúkú. Onínúure ni. Àlá ló ń bá a fínra. Àṣà kan sì wà ní Sàpó tó ti pẹ́ ju ògiri ààfin lọ: bí ọba bá ń sun oorun ọ̀sán lẹ́nu ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jí i, ohun tó bá sì rí lójú oorun náà, ìlú gbọ́dọ̀ mú un ṣẹ. Àwọn ọba tó jẹ ṣáájú kò lá ju iyán àti ẹran ìgbẹ́ lọ, kò sẹ́ni tó ṣàròyé. Ṣùgbọ́n bí ogún ọdún Adéjùmọ̀bí lórí ìtẹ́ ṣe ń sún mọ́lé, tí wọ́n ní àwọn máa ṣayẹyẹ, àlá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbòòrò.

Ó kọ́kọ́ lá pé òun gun ẹṣin funfun. Sàpó ò ní ẹṣin funfun. Wọ́n mú ẹṣin pupa Olóyè Ọ̀tún, wọ́n fi ẹfun pa á látorí dé pátákò. Ẹṣin náà sín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìdajì rẹ̀ tún di pupa.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó lá pé òun rìn láti ààfin dé ọjà, ẹsẹ̀ òun ò kan ilẹ̀. Wọ́n gba ẹní gbogbo ilé, wọ́n tẹ́ ẹ láti ààfin dé ọjà kí wọ́n lè fi dánra wò de ọjọ́ ayẹyẹ. Látọjọ́ náà, ìlú ń sùn lórí erùpẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ló wá le jù. Ọ̀tún dúró lójúde ọba, ó na apá méjèèjì, ojú rẹ̀ ń tàn yanran. Ọkùnrin yìí fẹ́ràn ayẹyẹ ju oúnjẹ lọ.

“Kábíyèsí rí ààfin lójú oorun!” ó ní. “Òrùlé rẹ̀ jẹ́ ìpele méje, lọ́kan lórí òmíràn, ó ga wọnú kùrukùru, lékeléke sì bà sórí rẹ̀. Nítorí náà, gbogbo ìdì bẹẹrẹ tó wà nílùú, kó máa bọ̀ láàfin!”

Ìlú pín sí méjì lójú ẹsẹ̀. Apá kan ní ọba làwọn fi ń yangàn, pé bí ààfin bá rẹwà, gbogbo ìlú ló rẹwà. Apá kejì ní àwọn ti fún ọba ní ẹní, ẹ̀yìn ń dun àwọn; bí àwọn bá tún kó koríko orí ilé lé e, ṣé ògiri nìkan làwọn ó máa fi sá fún òjò ni?

Ìyá Alámọ̀, obìnrin tó ń mọ ìkòkò nísàlẹ̀ odò, bọ́ síwájú. “Ẹ̀yin àgbà, orí mélòó ni Kábíyèsí ní? Òrùlé méje lórí ẹnìkan ṣoṣo! Àṣejù kí lèyí?”

“Ogún ọdún kì í ṣe ogún ọjọ́!” Ọ̀tún dá a lóhùn. “Àbí ẹ fẹ́ kí àwọn ará òdì kejì odò máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ni?”

“Wọ́n ti ń fi wá ṣe é. Wọ́n rí ẹṣin yẹn.”

Ariwo sọ. Nígbà tó rọlẹ̀ díẹ̀, Àdìgún dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Kábíyèsí o, kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Èmi ni mo bo ààfin yìí. Kò jò, kò sì ní jò fún ọdún mẹ́wàá. Mo ní ọgọ́rùn-ún ìdì nílé. Bí ẹ bá gbà á, ìyàwó mi ò ní padà wá mọ́. Àlá yín dùn, Kábíyèsí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ń lá a lábẹ́ òrùlé.”

Onísàpó wo Àdìgún títí, ó mí kanlẹ̀, ó ní, “Ẹ jẹ́ kí n sùn lé e.”

Ó sùn lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Gbogbo ìlú jókòó yí i ká, wọ́n ń wo ojú rẹ̀ bí ẹni ń wo ojú ọ̀run lásìkò òjò. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ lójú oorun. Ó tún ṣe bí ẹni fẹ́ sunkún. Nígbà tó jí, omi gbà á lójú.

“Mo rí ìyá mi,” ó ní. “Ẹnu ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí náà la wà. Aṣọ funfun kan ṣoṣo ló wà lára mi, èmi fúnra mi ni mò ń sun iṣu fún gbogbo yín. Ìyá mi ń fẹ́ iná. Ó ní, ‘Ọmọ mi, o mà ti rù o.’ Ó tán. Iṣu sísun la ó fi ṣe ogún ọdún. Ẹ kó ẹní yín lọ sílé.”

Ìlú hó yèè. Ọ̀tún nìkan ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń wí wúyẹ́wúyẹ́ pé, “Iṣu sísun! Iṣu sísun!”

Àdìgún ò dúró jẹun lọ́jọ́ náà. Ó gorí ilé rẹ̀, ó ń so bẹẹrẹ, ó ń súfèé. Láàárín ọjọ́ mẹ́fà, ó bo ilé náà ṣìkìtì, ojú òfuurufú pa dé. Ó ránṣẹ́ sí Àwẹ̀ró. Àwẹ̀ró ní òun ti gbọ́, òun ń bọ̀ wá fojú ara òun rí i bí òun bá ti ta ẹ̀gẹ́ òun tán.

Ọjọ́ ayẹyẹ pé. Onísàpó ró aṣọ funfun kan ṣoṣo, ó jókòó lórí ẹní lẹ́nu ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tó ti rí i lójú àlá, ó dáná, ó ń sun iṣu. Òórùn iṣu náà gba ìlú kan. Èéfín rọra ń fò lọ pàdé kùrukùru. Kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sókè. Ooru iná ń fẹ́ sí ọba lójú, atẹ́gùn sì ń fẹ́ sí i lẹ́yìn, orí rẹ̀ tẹ̀ síwájú, ó tẹ̀ sẹ́yìn, ó sì sùn lọ fọnfọn.

Iná na ọwọ́ sókè, ó kan etí òrùlé.

“Iná,” Àdìgún sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

“Ṣìì!” Ọ̀tún gbá a lẹ́nu mú. “Kábíyèsí ń lá àlá.”

Èèwọ̀ ni, ẹ ṣáà mọ̀. Ọba ń sun oorun ọ̀sán, ta ni yóò jí i? Gbogbo ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í fi orí ìka ẹsẹ̀ sáré. Wọ́n ń pọn omi, wọ́n ń rọra dà á, kó má baà dún. Ẹni tí ẹ̀ta iná bá ta lára, á ki ọwọ́ bọnu, á sunkún síbẹ̀. Àwọn mẹ́rin gbé ẹní ọba ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n gbé e jáde lọ sábẹ́ igi odán, jẹ́jẹ́, bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Àwọn olorì yọ jáde pẹ̀lú ẹrù wọn lórí, wọn ò wúkọ́. Báyìí ni ààfin Sàpó ṣe jó látòkè délẹ̀ láìsí ẹni tó ké ìbòòsí.

Nígbà tí ọba jí, ó fa imú. “Òórùn kí nìyí?”

“Ààfin yín ni, Kábíyèsí,” ni Àdìgún wí. “Ó jó.”

Ọba wo eérú náà. Ọ̀tún wá tẹ̀ síwájú, ó gbọ́wọ́ sẹ́yìn. “Kábíyèsí, kí lẹ rí lójú oorun?”

“Ẹ má bi mí.”

“Àṣà ni, Kábíyèsí.”

Ojú ti ọba gan-an ni. Ó fi aṣọ bo ẹnu. “Ara mi lọ́ wọ́ọ́rọ́,” ó ní. “Mo wá rí ààfin ọjọ́sí yẹn. Òrùlé rẹ̀ ti di mẹ́sàn-án.”

Ẹ wò ó, ta ni yóò tún jiyàn? Ṣé wọn yóò ní kí ọba wọn má nílé ni? Àwọn ará àdúgbò Òkè ní àwọn ló máa ṣe ìpele márùn-ún nínú mẹ́sàn-án. Àwọn ará àdúgbò Ìsàlẹ̀ ní irọ́ ni, àwọn ló ni márùn-ún. Wọ́n ń sáré lọ gé koríko lọ́nà jíjìn, àwọn èèyàn tí kì í tètè dáhùn ìkíni! Ìyá Alámọ̀ ru ìdì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, ó ń pariwo pé, “Mẹ́sàn-án ọ̀hún náà kéré!” Ẹni tó bá sì rán an létí ọ̀rọ̀ àná, ó ní ìyẹn ti ayẹyẹ ni, èyí ti ọba tí kò nílé. Ọba ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣe é níwọ̀n, kò sẹ́ni tó gbọ́.

Àdìgún ló wà lókè tó ń bò ó. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún yín: ọkùnrin náà ń gbádùn rẹ̀. Láyé rẹ̀ kò bo irú ilé bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tó dé ìpele kẹjọ, kùrukùru ti wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń gbọ́ ohùn èèyàn láìrí wọn, lékeléke ń fò kọjá létí rẹ̀. Ó ń ṣe é bí ẹni pé òun náà ló ń lá àlá ọ̀hún.

Ibẹ̀ ni koríko tán. Ó ku ọgọ́rùn-ún ìdì kí ìpele kẹsàn-án tó pé.

Gbogbo ìlú yí ojú padà, díẹ̀díẹ̀, wọ́n wo ilé Àdìgún. Àdìgún wo ilé rẹ̀. Ó wo ìpele kẹjọ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Láìsí ìkẹsàn-án, ààfin náà rí bí ẹni tó wọ agbádá tó gbàgbé fìlà. Kò lè fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹnu rẹ̀ là, ó sì gbọ́ ohùn ara rẹ̀.

“Ẹ lọ tú u wá.”

Wọ́n tú u kó tó wí tán. Ó fi ìdì ìkẹyìn lé orí ìpele kẹsàn-án, ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbọn koríko kúrò lára. Ìgbà yẹn gan-an ni Àwẹ̀ró yọ láti inú kùrukùru, ó ru ìkòkò, ó di ẹní mọ́ abíyá. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í ta sílẹ̀. Ó wo ilé rẹ̀, ògiri nìkan ló kù.

“Baba Àìná, òrùlé tí ẹ torí rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi dà?”

Àdìgún ò lè gbójú sókè. Ó na ìka sí orí ààfin.

Àwẹ̀ró wò ó títí. “Ó mà dára o,” ó ní.

Àánú ṣe Onísàpó. Ó ní kí Àwẹ̀ró wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn olorì títí koríko ọdún tó ń bọ̀ yóò fi hù. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó gbé ìkòkò rẹ̀ wọlé, kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Àdìgún tẹ̀ lé e. Ọ̀tún na ọ̀pá dí ọ̀nà.

“Níbo? Ọkùnrin ò gbọdọ̀ wọ ọ̀dọ̀ àwọn olorì. Àṣà ni.”

Àdìgún bá lọ sílé, ó jókòó sáàárín ògiri mẹ́rin, òjò ń pa á. Aládùúgbò rẹ̀ kan yọjú láti kí i kú ìrọ́jú, ó ní, “Báwo ni ààfin ṣe rí láti ibi tí ẹ wà yẹn?”

Kò sí òrùlé tó dí i lójú, nítorí náà Àdìgún rí i kedere. Ìpele mẹ́sàn-án dúró nínú kùrukùru, lékeléke tò sórí rẹ̀ rẹ̀rẹ̀rẹ̀. Òórùn ọbẹ̀ Àwẹ̀ró ń ti abẹ́ rẹ̀ bọ̀. Ó rẹwà débi pé ó dùn ún dé egungun. Ó nu omi kúrò létí, ó wí ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Aládùúgbò gbọ́ ìdajì rẹ̀, ó rò pé ọgbọ́n ńlá ni, ó sáré gbé e lọ sọ́jà, ìyẹn ni gbogbo ayé ń pa lówe títí dòní. Òjò ò jẹ́ kó gbọ́ ìdajì tó kù. Èmi á sọ ọ́ fún yín lódindi:

“Ilé Àdìgún tí kò jó ni wọ́n ṣí lórí; ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.”